Orúkọ Burkina Faso àti Ipò Kìíní Ọmọ Yín

                                        Ilé-ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Kejì,
                                        Òpópónà Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Keje.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú iṣẹ́ ilé. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti ń gun àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà? Ní tèmi, mo wà láàyè, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ọmọ yín tó ń gbé lọ́dọ̀ mi kì í ṣe ẹni kìíní mọ́, ẹni kìíní nìkan sì ni ilé-ẹ̀kọ́ girama ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gba àyè náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìbéèrè kan ló fà á: kí ni ìtumọ̀ Burkina Faso, èdè wo ló sì ti wá? Ìwé ìdáhùn tí tíṣà tó ṣáájú mi fi sílẹ̀ ni mo ń dà kọ lọ́dọọdún. Ó ní èdè Mòoré ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ọmọbìnrin bàbá tó ń tún bàtà ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa wá kọ ọ́ pé Mòoré ni Burkina, àwọn olóòótọ́ ènìyàn. Pé Júlà ni Faso, ilé baba. Mo fagi lé e gbọọrọ. Àádọ́rin ìwé ló wà níwájú mi lọ́jọ́ náà, ojú mi ti ń ṣú.

Lọ́jọ́ tí à ń fi ìwé ìdánwò han àwọn òbí, bàbá náà dé tòun ti òòlù lápò. Kò pariwo. Ó ní, "Tíṣà, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi orúkọ odò pe ilẹ̀ wa. Júlà ni ìyá mi ń sọ. Kódà tí ẹ bá pè wá ní Burkinabè, ìparí ọ̀rọ̀ yẹn, ti àwọn Fúlàní ni. Àwa ọ̀pọ̀ la ni orúkọ náà."

Mo lọ wo ìwé ńlá ní ilé ìkàwé. Òótọ́ pọ́ńbélé! Ọ̀gá wa ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ta ló máa mọ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ fi sílẹ̀, nítorí yín. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi rò ó. Níkẹyìn, mo dá máàkì ọmọ náà padà fún un, mo sì yọ ti ọmọ yín tó kọ Mòoré fún méjèèjì. Ọmọbìnrin náà ló wá di ẹni kìíní. Wọ́n ní òótọ́ korò. Ẹnu mi ṣì ń korò di ìsinsìnyí.

Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí ẹ sì bá mi bẹ̀ wọ́n.

Ọmọ yín ń bọ̀ nílé ní Sátidé. Ẹ dì mọ́ ọn kí ẹ tó bi í ní ohunkóhun. Nígbà tí mo sọ fún un, mo rò pé yóò sunkún ni. Ó kàn fi ṣíbí sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ohun tí ẹ kọ́ wa ni mo kọ o."

Èmi ni tiyín, bí ẹ bá ṣì gbà mí,
Tíṣà.