Ẹ má fi òróró sí ẹ̀rọ ìránṣọ mi mọ́

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí bàbá àwọn ọmọ, mo kí ọmọ yín, ìyàwó ojú ọ̀nà. Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́? Oògùn wọn wà lọ́wọ́ ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá. Èmi náà ṣì ń mí, bí omi òtútù tilẹ̀ ń ṣàn lára ògiri yàrá mi bí ẹkún opó.

Ẹ fi ìwọ̀n ọmọ yín ránṣẹ́ pé kí n rán aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Ẹ wá télọ̀ mìíràn. Ọdún mẹ́sàn-án ni irọ́ mi ti ń lọ. Òtítọ́ bá a lónìí. Aṣọ ibùsùn ọsibítù ni mò ń fọ̀ nílùú òyìnbó níbí, tí mò ń lọ̀. Àwọn ẹ̀wù tí ẹ ń fi yangàn pé èmi ni mo rán, ọjà ni mo ti rà wọ́n, tí mo tú àmì ilé iṣẹ́ kúrò lọ́rùn wọn. Èmi tí mo máa ń gbàgbé oúnjẹ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nílé!

Ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́. Ẹ̀rọ mi tí ẹ ń fi òróró sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dè mí, ẹ gbé e fún ẹni tí yóò lò ó. Ayọ̀ la ó fi ṣe ìgbéyàwó náà.

Ẹ má wo ìkọ̀wé mi tó rí jágajàga. Láìpẹ́ yìí, ẹ̀rọ tí a fi ń lọ aṣọ gba ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Òsì ni mo fi kọ ọ́.

Àbúrò yín.