Kẹ́rìs Bàbá Àgbà Ti Ń Bọ̀ Wálé

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le níbí ní Surabaya, ẹ má ṣèyọnu.

Mo ti rí kẹ́rìs Bàbá Àgbà, ọ̀bẹ ìdílé wa tí ẹ tà kí n lè lọ sílé ẹ̀kọ́. Ọwọ́ Ọ̀gbẹ́ni Hendarto ló wà, ẹni tó ń kó ohun ìjà àtijọ́ jọ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti bàbá mi nìyí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bí gbogbo yín ṣe máa ń wí nìyẹn."

Mo ní kó yí àkọ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn, níbi tí mo fi ìṣó họ orúkọ mi sí lọ́mọ ọdún mẹ́fà, tí ẹ fi nà mí. Ó wò ó títí.

"Wahyuni. Ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni. Èmi náà ń kó nǹkan àtijọ́ jọ, àmì ẹ̀yẹ ológun àti báàjì."

"N kò ní tà á. Ṣùgbọ́n bí o bá kó gbogbo àmì ẹ̀yẹ ológun àti báàjì rẹ fún mi, mo lè fi ṣe pàṣípààrọ̀."

Ogún ọdún ni mo fi kó wọn jọ. Mo kó wọn fún un lọ́jọ́ náà gan-an. Ògiri yàrá mi tí mo gbé wọn kọ́ sí ti mọ́ báyìí, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé dáadáa.

Ratri àbúrò mi ló ń gbé e bọ̀. N kò ní lè wá síbi ìgbéyàwó rẹ̀, iṣẹ́ pọ̀. Ẹ fi kẹ́rìs náà há ẹ̀yìn ìbàdí lọ síbẹ̀ bí àṣà wa, kí gbogbo ará Pacitan ìlú wa rí i pé kò sọnù.

Ẹ bá mi kí Ìyá, ẹ kí Àǹtí Sumarni. Tẹ́mpẹ́ ẹ̀wà sóyà tó fi ránṣẹ́ dùn púpọ̀.

Èmi ọmọ yín,
Wahyuni