Ẹ̀gúsí tí Mo Fi Gba Ọ̀gá Rẹ Sílẹ̀

Òkè-Àgbàrá,
Oṣù Kẹfà, 2016.

Tiwátọ́pẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ọkọ rẹ Bọ́lájí le? Ṣé Kárú tí ẹ ń gbé tutù? Kò sí ohun tó ń ṣe àwa níbí, àfi orúnkún bàbá rẹ tó máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí ojú ọ̀run tó mọ̀. Ọlọ́run tó mú ọ dé Àbújá kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ. Ìwé ni mo kọ, n kò pè ọ́, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí obìnrin inú fóònù yẹn gbọ́dọ̀ gbọ́. Ìgbàkígbà tí mo bá pè tí n kò bá ọ, òun ló máa ń dáhùn, òyìnbó ló sì máa ń sọ, n kò mọ ilé ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ.

O bi mí pé kí ló dé tí mo fi ẹ̀gúsí ránṣẹ́. Ìwọ lo pè, o ní kí n fi àpò èso bòtujẹ̀ kan ránṣẹ́, o ní ti ọ̀gá rẹ ni, o ní inú rẹ á dùn gan-an tó bá tètè dé ọ̀dọ̀ wọn, ni owó fóònù rẹ bá tán. Tiwátọ́pẹ́, bòtujẹ̀! Bòtujẹ̀ tí a gbìn yí ilé ká torí pé ewúrẹ́ kì í fẹnu kàn án. Bòtujẹ̀ tí àwọn ọmọ Akínlabí tó múlé tì wá ṣà jẹ lọ́dún yẹn, tí ẹ̀yìnkùlé kò gbà wọ́n mọ́. Nígbà tí o sì wálé Kérésì, ìdí ààrò mi lo jókòó sí tí o ń sọ pé Alájì Sànúsí ọ̀gá yín á fi iṣẹ́ pa yín. Mo rò ó títí. Mo ní àbí ọmọ mi fẹ́ tètè kọ́kọ́ pa wọ́n ni?

Oorun dá lójú mi. Bàbá rẹ ní bóyá ọgbà ni ọ̀gá rẹ fẹ́ gbìn, mo ní ta ló ń fi odindi àpò gbin ọgbà? Mo gbààwẹ̀, mo sì ní kí àwọn ìyá ìjọ bá mi gbàdúrà kí Ọlọ́run di ọwọ́ rẹ mú, ṣùgbọ́n n kò sọ ohun tí ọwọ́ náà fẹ́ ṣe fún wọn. Ìgbà tó yá ni ọgbọ́n kan sọ sí mi nínú. Mo da ẹ̀gúsí bíbó tí mo fẹ́ tà sínú àpò, mo gbé e fún Abíọ́nà, awakọ̀ tó máa ń kó pákó lọ sí ọjà Dei-Dei ní Àbújá. Mo ní kó má fún ọ rárá, kó gbé e fún Alájì fúnra wọn, kó ní ìyá Tiwátọ́pẹ́ ní kí wọ́n fi sebẹ̀, kó sì wo ojú wọn dáadáa bóyá ó ti ń rẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá jẹ ẹ̀gúsí mi, mo mọ̀ pé yóò rọ̀ fún ọmọ mi.

Ọjọ́bọ̀ ni Abíọ́nà dé. Ó ní ara Alájì le kokooko, pé òun fi Haúsá kí wọn ní sànnu, wọ́n ní yauwa, wọ́n wá fi Yorùbá Ìlọrin bá òun sọ̀rọ̀. Ó ní ìwọ la ẹnu, o kò lè pa á dé, torí ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fún òróró ní ilé iṣẹ́ ìwádìí yín ti ń dúró de bòtujẹ̀, ẹ̀gúsí ló wá bá a. Ó ní òróró yẹn ni ẹ fẹ́ fi rọ́pò èyí tó ń gbé ẹ̀yìn típà sókè tí wọ́n bá fẹ́ da yanrìn. Ẹ̀rọ ló fẹ́ mu ún, kì í ṣe èèyàn! Mo jó yí ààrò ká, bàbá rẹ rò pé ejò ni mo rí. Típà tó bá sì mu bòtujẹ̀, ọkàn mi balẹ̀ pé kò ní pẹ́ da yanrìn rẹ̀, torí àwọn ọmọ Akínlabí kò pẹ́ rárá.

Abíọ́nà tún ní ẹ kó ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lójú omi sínú ìgò, kó máa yá oòrùn, tó bá pọ̀ ẹ ó dé e mọ́ inú àgbá kó rà, á wá yọ gáàsì, ó ní lójú òun ni ẹ fi se tíì. Ọ̀rọ̀ yìí wọ bàbá rẹ lára. Adágún tí a ń rẹ gbágùúdá sí lẹ́yìn ilé, tí nǹkan náà bò, wọ́n ti pa ààlè sí i, wọ́n so ṣúkù àgbàdo àti ìgbálẹ̀ gbígbó mọ́ igi. Díákónì ni wọ́n o! Pásítọ̀ bi wọ́n, wọ́n ní àwọn kò bọ nǹkan kan, kànga epo àwọn ni àwọn ń ṣọ́.

Èyí tí kò yé mi ni ti irin. Abíọ́nà ní ẹ ń kun ún ní ọ̀dà, ẹ ó wá rì í sínú omi iyọ̀ kí ẹ wò ó bóyá yóò dógùn-ún. Bí ẹ kò bá fẹ́ kó dógùn-ún, ẹ gbé e kúrò nínú omi! Bíbélì sì ní ọ̀run ni ìpáàrà kì í ti í ba nǹkan jẹ́. Bí ẹ bá rí ọ̀dà náà ṣe, ẹ rọra polongo rẹ̀, kí àwọn èèyàn má bàa sọ pé àwọn kò lọ sọ́run mọ́. Alájì fi ike ọ̀dà náà kan rán Abíọ́nà sí mi láti fi dúpẹ́ ẹ̀gúsí, bàbá rẹ sì ti fi kun páànù ilé ìdáná. Mo ń wo páànù náà, ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn. Ọmọ mi, mo mọ irú ọmọ tí mo bí. Ìyá ni mo jẹ́, ẹ̀rù ló bà mí.

Tí o bá rí owó díẹ̀, fi ránṣẹ́ kí n fi wá ẹ̀gúsí míì tà. Má fi sí báńkì o. Ọmọge báńkì bi bàbá rẹ pé kí ni orúkọ ìyá wọn kó tó wọlé ọkọ, wọ́n bínú, wọ́n ní ìyá àwọn ti kú tipẹ́, kò sì jẹ báńkì kankan ní gbèsè. Abíọ́nà ni kí o fún.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní dógùn-ún. Bí òróró ṣe ń gbé típà, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run yóò gbé ọ sókè. Wàá fi ọwọ́ gbọmọ jó. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àwẹ̀ró.

Mo gbàgbé o. Bòtujẹ̀ gidi ló wà nínú ọkọ̀ Abíọ́nà báyìí, àwọn ọmọ Akínlabí ló bá wa ṣà á, ẹnu wọn dì pinpin. Ṣùgbọ́n ìyàwó Alájì ti ránṣẹ́ pé ẹ̀gúsí mi dùn, pé àwọn ń retí òmíràn. Mo fi aṣọ pupa so ẹnu àpò, mo fi èédú kọ KÌ Í ṢE TI ỌBẸ̀ sí i lára, síbẹ̀ àyà mi kò tíì balẹ̀ tán. Mo ní kí Abíọ́nà kọ́kọ́ gbé ìwé yìí wá bá ọ ní Kárú kó tó já ẹrù kankan. Bá a gun ọkọ̀ náà lọ. Bó bá gbà pé kí o jókòó lé àpò náà lórí, jókòó lé e. Tó bá ti wọnú ẹ̀rọ tán, fi ìwé yìí sínú iná gáàsì ojú omi yín yẹn kó jó, kí Alájì má lọ rí i kà.