Oògùn Koríko Nínú Ata Ìyá Rẹ

Abà Akínlabí,
Oṣù Ẹrẹ́nà, 2016.

Motúnráyọ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé òtútù Calgary ò tíì gé ọ létí? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja nínú omi yóò máa ṣọ́ ọ nínú basement yín ní Falconridge, bí mi ò tilẹ̀ mọ ohun tí ọmọ tó kàwé ń wá nínú ilẹ̀ bí òkété. Tíṣà ló máa fi fóònù rẹ̀ rán lẹ́tà yìí, mo sì ti ká a kékeré kí ó lè ráyè wọlé. Mo fẹ́ kí ó bá ọ kí o tó wọ ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, nítorí àṣìṣe rẹ tó pa orúkọ àwọn oníbàárà rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n wá ń fura sí Olúmáyọ̀wá ẹlẹgbẹ́ rẹ. Mo ti kọ́kọ́ ní kí o dákẹ́. Gbọ́ tèmi ná.

Ìwọ lo sọ pé bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ ní ọ́fíìsì yín, ẹ ó jókòó, ẹ ó kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, ẹ ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ẹ ò sì ní wá ẹni tó ṣe é, ohun tó fà á lẹ ó wá. Ata ìyá rẹ kú tán, ni mo bá pe ìpàdé tiwa, mo fi ara mi ṣe alága, mo ya kàlẹ́ńdà àtijọ́, mo fi ẹ̀kọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ewúrẹ́ jẹ ẹ̀sùn ìyá rẹ tòun ti ẹ̀kọ, a sì tún un kọ. Ìyá rẹ ní Serifat aládùúgbò wa ló da omi ọṣẹ sí ata náà. Serifat bú sẹ́kún.

Motúnráyọ̀, èmi ni. Tánkì tí mo fi fín oògùn koríko ni mo fi bomi rin ata, mi ò fọ̀ ọ́. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kejì, àmọ́ bí ìyá rẹ bá ti ń ṣépè fún ẹni tó ṣe é, àmín tèmi ló ń ròkè jù. Mo rò pé ìpàdé náà máa gbé ẹ̀bi náà ru oòrùn ni, kí kálukú máa lọ. Ẹkún Serifat yẹn ni mi ò lè gbà mọ́ra. Mo ní, “Èmi ni mo pa ata náà.”

Ìyá rẹ ní àgbàyà ni mí, ó lọ bẹ Serifat. Òfin pé ẹ kì í báni wí ò dé ilé wa o, pẹ̀lú ebi ni mo sùn. Ṣùgbọ́n a ti kun tánkì náà ní ọ̀dà pupa, kò sẹ́ni tó máa tún ṣì í gbé. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, èmi ni mo sì wà nínú kòtò.

Mo mọ̀ pé owó epo rọ̀bì ti wálẹ̀, wọ́n sì ń lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, ìmọ̀ràn òpònú ni mo gbà ọ́ pé kí o dákẹ́. Olúmáyọ̀wá ní ọmọ méjì ní daycare. Sọ fún wọn pé ìwọ ni.

Jọ̀ọ́, mo nílò owó tánkì kejì fún omi. Àmọ́ jẹ́ kí ìpàdé yẹn parí ná. Bí wọ́n bá lé ọ, fi san owó ilé, èmi á fi korobá bomi rin ata.

Ẹnu tí o bá fi sọ òtítọ́, o ò ní fi tọrọ jẹ.

Bàbá rẹ,
Dúrósinmí.