Apá Òsì Méjì

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ojú mi rí màbo lónìí! Mo ti iléèwé dé, ebi ti pa mí kú lẹ́ẹ̀mejìdínlógún — mo bá Ọ̀gá Dákẹ́ nídìí máṣíìnì ìránṣọ Rédíò, abẹ lọ́wọ́. Wọ́n ń tú aṣọ oníbàárà. Aṣọ tí Rédíò ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán!

Ọ̀gá Dákẹ́ ni Bàbá, bàbá tó bí màmá mi. Láti bí ọdún kan, "hẹn" mẹ́ta péré ni wọ́n ń sọ lójúmọ́. Rédíò ni ìyàwó wọn, màmá àgbà mi, télọ̀ tí ẹnu wọn kì í sinmi.

"Má sọ fún màmá rẹ," Bàbá bẹ̀ mí. Mo fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá búra.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo sọ. Apẹ̀rẹ̀ lẹnu mi, kì í gba omi dúró.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ìpàdé ní pálọ̀. Màmá ka ẹ̀ṣẹ̀ Bàbá sílẹ̀. Ìkòkò tó jóná — Bàbá ní àwọn ni. Kọ́kọ́rọ́ tá a bá nínú fíríìjì — àwọn náà ni. Aṣọ tún wá dé. "Iyè Bàbá ti ra." Ẹ̀gbọ́n Màmá ní bí dókítà bá ti fọwọ́ sí i, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló kù.

Rédíò figbe ta: "Ẹ má mú ọkọ mi lọ o! Ta ni màá máa bá sọ̀rọ̀ tí ò ní dá mi lóhùn?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Dákẹ́ sunkún. Omijé gidi! Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Èmi ni mo fà á.

Ọjọ́rú, 12

Ọsibítù. Dókítà bi Bàbá: òní jẹ́ ọjọ́ wo? "Mi ò mọ̀." Wọ́n ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta — ìwé, ilẹ̀kùn, ọsàn — wọ́n ní kí Bàbá tún un kà lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. "Mi ò mọ̀. Ẹ fi mí sílẹ̀." Wọn ò tiẹ̀ gbìyànjú.

Rédíò ò lè pa á mọ́ra. "Ọjọ́ Àìkú mà ni! Ìwé, àga, ẹ̀wà! Ṣé ẹ rí i, dókítà, èmi ni kẹ́ ẹ gbà síṣẹ́!" Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà mi fi fẹ́ já.

Dókítà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yí àga wọn kọjú sí Rédíò.

Ọjọ́bọ̀, 13

Àrá sán lu ilé wa.

Dókítà ní ìbànújẹ́ tó wúwo lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọpọlọ àgbàlagbà, kó dà bíi pé iyè ló ra. Irú wọn sábà máa ń ní "mi ò mọ̀", wọ́n á jáwọ́. Wọ́n rò pé ti Bàbá nìyẹn. Oògùn wà, ó lè ṣí padà. Àmọ́ ẹni tó ń dáhùn wàràwàrà, tó ń fi àwàdà dí ihò — ìyẹn ló ń já àwọn láyà. Àyẹ̀wò ṣì kù.

Rédíò? Rédíò tèmi?

Ọ̀gá Dákẹ́ wá sọ̀rọ̀. Ó ju hẹn mẹ́ta lọ! "Ó ti lé lọ́dún kan tí ìyá yín rán apá òsì méjì mọ́ aṣọ kan. Mo tú u, mo tún un rán. Mo ti ń tú u látìgbà náà. Bẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ máa gba máṣíìnì lọ́wọ́ ẹ̀. Kí ló máa kù fún un?" Ìkòkò: Rédíò. Kọ́kọ́rọ́: Rédíò. Ohun tó ń jẹ Bàbá lọ́kàn nìyẹn, tí oorun fi sá lójú wọn.

Ọjọ́bọ̀, 20

Èsì Rédíò dé. Alisáímà, àrùn tó ń ra iyè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Wọn ò mú ẹnikẹ́ni lọ síbì kankan. Màmá fi máṣíìnì sílẹ̀. Bàbá ń lo oògùn. Hẹn márùn-ún lónìí.

Rédíò wọlé lọ sinmi lọ́sàn-án. Bàbá na abẹ kejì sí mi. Àwa méjèèjì ń tú — apá òsì méjì. Rédíò yọ sí wa lójijì.

"Ta ló tú iṣẹ́ mi?"

Bàbá ti lanu láti gbà á. Mo yára ju wọn lọ. "Èmi ni, Màmá àgbà. Mo fi ṣeré ni."

Rédíò fa etí mi bí okùn kànga. "Ọmọ burúkú! Mo mọ̀ pé ìwọ ni!"

Wọ́n gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ta ni ò ní gbà á? Àṣé iṣẹ́ yìí ni mo ti ń to orúkọ burúkú jọ fún látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.