Orín Tí Mi Ò Mú

Ìyá mi tí mo fẹ́ràn,

Mi ò mọ̀wé, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi oyin kún ọ̀rọ̀ mi.

Ọkọ mi kú lẹ́yìn ìkórè iṣu. Mo sunkún rẹ̀, mo sì ṣíwọ́. Mo jókòó ṣe takàbá nílé fún oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá láìjáde, gẹ́gẹ́ bí opó Mùsùlùmí. Irú tí mò ń ṣe tà ló ká mi lára. Ẹni tí ò lè dé odò, báwo ni yóò ṣe fọ irú?

Obìnrin méjì ló gbà mí, opó ni àwọn náà. Ìyá Déborà, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi tó wà lẹ́yìnkùlé wa, ló ń gbé irú mi lọ sódò, tó ń fi orin ìyìn fọ̀ ọ́. Èkejì ni Ìyá Láràbá, Gàḿbàrí tó ń ta obì ní Sábó. Ó wo irú mi, ó yínmú.

"Màmá, tìẹ yìí omi pọ̀, kíá ló máa bàjẹ́. Tiwa, a máa ṣù ú, a máa sá a."

Mo ní kó ṣù ú kí n rí i. Ìyá mi, mo kọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ ogbó! Magí wọ́n lọ́jà báyìí, láti Ilé-Ogbó ni wọ́n ti ń wá ra irú ṣíṣù mi.

Bí a ṣe ń ṣù ú la ń sọ̀rọ̀ opó. Ìyá Déborà ní àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ń wá bá òun dáná, àmọ́ ẹbí ọkọ òun kó ẹrù ilé tán. Ìyá Láràbá ní lọ́dọ̀ tàwọn, bí takàbá bá ti parí, opó lè fẹ́ ẹni tó wù ú, ó sì lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo gbọ́, mo fi sínú.

Lọ́jọ́ tí mo bọ́ takàbá, ẹbí ọkọ mi kó orín síwájú mi, ti ọkùnrin ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí mo bá mú tirẹ̀ ni yóò ṣú mi lópó. Opó tí kò bá mú, wọ́n lè ní kó di ẹrù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kó o síwájú yín nígbà tí bàbá mi kú, tí mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ti àbúrò rẹ̀ lẹ mú, ó sì kó yín lọ sóko Olúpọ̀nnà, ẹ ru iṣu rẹ̀ títí ọrùn yín fi wọ́. Ṣé ó wù yín ni? Àbí ẹ̀rù ló bà yín, kí wọ́n má lé wa? Ẹ ò sọ fún mi rí.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi jókòó tì mí. Àbúrò ọkọ mi, tó ń wá ẹni tí yóò máa se oúnjẹ fún un lóko, rọra ti orín tirẹ̀ síwájú.

"Ìyàwó wa, má jẹ́ kó pẹ́. Ilé ọkọ lo ṣì wà."

"Ẹ wo ẹnu mi. Eyín ti ká. Ta ló ń fún arúgbó lórín? Mo bímọ sílé yìí, mo sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Yàrá mi ni n ó wà. Mi ò mú."

Ìyá Déborà ń wúkọ́ kó má baà rẹ́rìn-ín. Ìyá Láràbá ò tilẹ̀ gbìyànjú, ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Baálé ilé ní kí n máa gbé yàrá mi. Ni àbúrò ọkọ mi bá mú orín tirẹ̀, ó tì í bọ ẹnu ara rẹ̀, ó ń rún un lọ.

Ara mi le. Mò ń jẹun, mò ń sùn dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ló ń dùn mí. Ká ní obìnrin méjì péré jókòó tì yín lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ ó mú orín yẹn?

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín.

Èmi ni, ọmọ yín tí ẹ fi ọrùn wíwọ́ tọ́.