Má Jẹ́ Kí Akọ Ẹlẹ́dẹ̀ Náà Wọlé Tọ Àwọn Abo

Èmi tí mò ń kọ lẹ́tà yìí, ọmọ àbúrò obìnrin ẹni tó ni ín ni mí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ń sọ ọ́, nítorí kò kàwé, fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọ ọ́ sí kò sì wọlé láti àná. Bó ṣe wí i ni mo ṣe kọ ọ́. Ó ní kí n má bá òun tún un ṣe.

&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;Ilé Ẹlẹ́dẹ̀,
&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;Ìsàlẹ̀ Afárá.
&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ àárọ̀ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o jí? Ìyàwó ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o rìn? Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ńkọ́? A kì í fi ìkánjú kí ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ń kó oúnjẹ ẹran, tí yóò mú lẹ́tà yìí wá bá ọ, ti ń fọn fèrè lójú títì. Kí o tó gbọ́ ìyókù, dìde, lọ wo ibi tí akọ ẹlẹ́dẹ̀ rẹ tí o yá mi wà. Bí kò bá tíì wọlé tọ àwọn abo rẹ tó lóyún, má jẹ́ kó wọlé. Bí o bá ti padà dé, jókòó kí n rò fún ọ.

Lẹ́yìn tí mo dá akọ náà padà ni àwọn ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ikun dí wọn nímú, wọn kò lè mu ọmú nítorí wọn kò rí èémí mí. Mo ní eruku lẹ́búlẹ́bú pákó tí mo tẹ́ fún wọn ni. Mo kó o dànù. Wọ́n ń sín. Mo ní òtútù ni. Mo fi ọ̀rá dí fèrèsé. Wọ́n tún ń sín. Nígbà tó yá, àwọn kan kú. Abo kan wá bímọ, èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó bí ló ti kú, tó sì ti gbẹ sínú.

Ìyàwó mi ránṣẹ́ pe dókítà ẹran láìbi mí. Ọmọbìnrin kékeré kan ló dé. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Mo ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá rẹ." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, àmọ́ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ yín ò mọ̀." Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bó bá jẹ́ pé agídí ń wo àrùn ni, ọgbà wa ì bá ti di ilé ìwòsàn. Mo yà fún wọn.

Ó ti òwú bọ imú àwọn ọmọ, ó fa ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá, ó kó òwú àti ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí ilé àyẹ̀wò. Àná ni èsì dé. Saitomẹgalofáírọ́ọ̀sì ni wọ́n ń pè é. Orúkọ rẹ̀ gùn ju okùn tí a fi ń so ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ni. Wọ́n bá a nínú imú àwọn ọmọ, ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá sì fi hàn pé wọ́n ti bá a pàdé. Kò sí oògùn tó ń lé e jáde. Ọmọ jòjòló àti oyún ló ń bá jà jù. Ní ti ẹlẹ́dẹ̀ àgbà, ó lè má ṣe é ní nǹkan kan rárá. Á kàn ba sí i lára, ẹran náà á sì máa gbé e kiri.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí akọ rẹ. O rántí pé bàbá mi, àgbẹ̀, ló kọ́ wa pé ẹlẹ́dẹ̀ tó bá lá ọpọ́n rẹ̀ mọ́ kò lárùn. Ohun tí mo wò nìyẹn kí n tó fi akọ rẹ sọ́kọ̀: ó lá ọpọ́n mọ́ tónítóní.

Mo bi dókítà bóyá akọ rẹ ló kó o wá, àbí ọ̀dọ̀ mi ló ti kó o. Ó ní ẹ̀jẹ̀ lè sọ ẹni tó bá àrùn pàdé, kò lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ mú un wá. Nítorí náà, jọ̀ọ́, ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Fi akọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kànga rẹ, níbi tó jìnnà sí àwọn abo, kó dá garawa tirẹ̀ ní. Ẹni tó bá bọ́ ọ, kó pààrọ̀ bàtà kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn abo. Dókítà á wá bá ọ lọ́jọ́ Sátidé. Má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí tèmi.

Bí ẹlẹ́dẹ̀ kan bá sín níbí, bí ẹni pé inú ilé rẹ ló ti sín ni.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì kí ẹ̀gbọ́n rẹ alágbẹ̀dẹ. Nígbà tí awakọ̀ bá ń padà bọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kí o rán an sí mi: ó ti wọlé, àbí kò tíì wọlé. Ojú títì ni màá ti dúró dè é.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì rí ìjókòó,

X
(àmì ọwọ́ rẹ̀)

Ẹlẹ́rìí: Ìyàwó rẹ̀.
Ẹlẹ́rìí: Awakọ̀ oúnjẹ ẹran, tó ní òun ti gbọ́ ìbéèrè náà, òun ò ní padà láìgba ìdáhùn.